Bí a ṣe ń sọ ère chasseur di ẹlẹ́ṣin oníọ̀kọ̀: títún ère ẹlẹ́ṣin kéékèèké ṣe àti kíkùn wọ́n

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ère ẹlẹ́ṣin kan di òmíràn sábà máa ń kọ́kọ́ wo orí rẹ̀, nítorí pé fìlà àti akoto ni ojú máa ń tètè rí. Gàárì ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Ibi tó ṣòro jù lọ láti yí padà lára ère ẹlẹ́ṣin ni ibi tí ènìyàn àti ẹṣin ti pàdé: ìjókòó, itan, bàtà, awọ tàbí aṣọ tó bo gàárì, àti ẹrù tí wọ́n dì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí gbogbo èyí bá ti bá ohun tí ẹ ń wá mu, iṣẹ́ tó kù kò ju kí ẹ gé orí, kí ẹ lu ihò sí ọwọ́, kí ẹ sì fi pọ́tì (ohun rírọ̀ bí amọ̀ tó máa ń le) dí àlàfo. Bí kò bá bá a mu, ẹ ó máa fi ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ gbẹ́ ohun tí ère mìíràn ì bá ti fún yín láìjanpata.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ẹlẹ́ṣin oníọ̀kọ̀ inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Napoleon, olú-ọba Faransé, tí àwọn Faransé ń pè ní chevau-légers lanciers, ni mo yàn, nítorí pé ìyípadà ni ìtàn tiwọn náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1811, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà ti ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀, Napoleon pàṣẹ pé kí rẹ́jímẹ́ǹtì mẹ́sàn-án di oníọ̀kọ̀. Mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ dragoon tẹ́lẹ̀, ìyẹn ẹlẹ́ṣin tó lè sọ̀kalẹ̀ fi ìbọn jà. Ìkeje àti ìkẹjọ wá láti ara àwọn ará Pólàńdì tó ń jagun fún Faransé. Ìkẹsàn-án sì jẹ́ chasseur, ẹlẹ́ṣin fífúyẹ́, tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Pólàńdì wọ̀nyí wọ aṣọ búlúù àti fìlà tí orí rẹ̀ ní igun mẹ́rin, nítorí náà wọn kò sí nínú iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe yìí. Àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́, tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé àti akoto idẹ, ni a ń wá.

Ère wo ni ká mú?

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn òkè yìí á rò pé ère dragoon ni ó yẹ kí òun rà, ṣùgbọ́n àṣìmú ni yóò jẹ́. Dragoon a máa gun gàárì irú ti Faransé, a máa wọ bàtà gígùn líle tó dé orókùn, idà rẹ̀ sì gùn, ó tọ́ gbọnrangandan. Nígbà tí wọ́n di oníọ̀kọ̀, wọ́n gba gàárì irú ti Hungary tí awọ àgùntàn funfun bò, wọ́n gba ṣòkòtò tó fún mọ́ ẹsẹ̀ pẹ̀lú bàtà kúkúrú, wọ́n sì gba idà tó tẹ̀ kọrọdọ. Gbogbo ìwọ̀nyí ni àwọn chasseur à cheval, ẹlẹ́ṣin fífúyẹ́ ilẹ̀ Faransé, ti ń lò tipẹ́. Lórí tábìlì iṣẹ́, nígbà náà, chasseur ni bàbá oníọ̀kọ̀, ohun yòówù kí ìwé àṣẹ Napoleon wí.

Chasseur ti ọdún 1812 sí 1815 ni kí ẹ wá, èyí tó wọ ẹ̀wù kúkúrú tí àyà rẹ̀ pa dé títí dé ìbàdí. Chasseur ti àwọn ọdún tó ṣáájú máa ń wọ ẹ̀wù tí ìrù rẹ̀ gùn lẹ́yìn, gígé ìrù yẹn kúrò lórí ẹrù ẹ̀yìn gàárì láìba awọ àgùntàn jẹ́ sì jẹ́ iṣẹ́ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Ẹ tún wo ọwọ́ ọ̀tún. Bí ère náà bá gbé idà sókè, irin tó yí ọwọ́ idà po yóò ti lẹ̀ mọ́ ìkúùkù rẹ̀, àkọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì yóò sì ṣófo, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ ní láti gbẹ́ ọwọ́ idà kúrò níbì kan kí ẹ sì mọ òmíràn síbòmíràn. Ère tí idà rẹ̀ wà nínú àkọ̀, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sinmi lórí itan tàbí tó di ìbọn kúkúrú mú, ló rọrùn jù.

Orí ni ohun kejì tí ẹ ó wá, ibí yìí sì ni dragoon ti wúlò. Akoto oníọ̀kọ̀ jọ akoto dragoon: idẹ ni, awọ onírun búráùn yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká, òkè rẹ̀ sì ní ògbé idẹ bíi ti àkùkọ. Ìyàtọ̀ wọn ni pé irun ẹṣin gígùn ni ó ń ti ògbé ti dragoon já sí ẹ̀yìn, nígbà tí irun dúdú tó nípọn, tó kì, dùbúlẹ̀ lórí ògbé ti oníọ̀kọ̀ láti iwájú dé ìpàkọ́. Ẹ lè fi ọ̀bẹ gé irun gígùn kúrò lára orí dragoon, kí ẹ sì fi pọ́tì mọ irun kíkì náà. Orí cuirassier, ẹlẹ́ṣin tó ń wọ ìgbàyà irin, náà ṣeé lò bí ti dragoon bá ṣọ̀wọ́n.

Ohun tí wọ́n fi ṣe ère náà yóò pinnu irinṣẹ́ yín. Ike líle rọrùn láti gé, gúlúù rẹ̀ a sì máa yọ́ ojú méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Irin funfun rírọ̀ wúwo, ó fẹ́ ayùn tín-ínrín irú ti àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù, ṣùgbọ́n ẹ lè rọra tẹ ọrùn tàbí apá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Resin (irú ike dídà kan) kò ṣeé tẹ̀ ní tútù, ó máa ń ṣẹ́, eruku rẹ̀ sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà inú omi ni kí ẹ ti máa fá a, kí ẹ sì fi ìbòmú bo imú. Òjé wà nínú irin àwọn ère àtijọ́ kan; ẹ má ṣe jẹun lórí tábìlì tí ẹ ti ń fá irú wọn, kí ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ike rírọ̀ tí ọ̀pọ̀ ère ìwọ̀n 1/72 (ère tí gíga rẹ̀ jẹ́ ìdá méjìléláàádọ́rin ti ènìyàn gidi) fi ń jáde ni mo fẹ́ràn kéré jù, nítorí pé gúlúù kì í fẹ́ mú un dáadáa, ọ̀dà náà a sì máa ṣí kúrò lára rẹ̀ bí ó bá tẹ̀. Lára irú èyí, wáyà ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí gúlúù kò lè dá ṣe.

Gígé àti mímọ

Ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ gbogbo ẹ̀ka ère náà, nítorí pé òróró tí wọ́n fi ń yọ ère kúrò nínú ẹ̀dà, ìyẹn ohun tí wọ́n ti ń da ère náà, kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ há ìlà tí ẹ̀dà fi sílẹ̀ kúrò. Lára ẹṣin, ìlà yìí sábà máa ń gba àárín irun ọrùn, ikùn àti inú itan kọjá, ibi tí ojú kì í tètè dé títí ọ̀dà yóò fi tú u fó. Ẹ gbé ẹṣin náà kọjú sí iná kí ẹ sì yí i po kí ẹ tó sọ pé ó ti mọ́.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ gbé ẹlẹ́ṣin sórí gàárì láìfi gúlúù sí i. Bí itan rẹ̀ kò bá jókòó dáadáa, ìsinsìnyí ni kí ẹ fá inú itan náà tàbí ẹ̀gbẹ́ gàárì, nítorí pé ẹlẹ́ṣin tó dúró fọ́ọ́fọ́ lókè gàárì kò ní í jọ ẹni tó mọ ẹṣin gùn, bó ti wù kí kíkùn rẹ̀ dára tó.

Ẹ gé orí chasseur kúrò ní ibi tí àgbọ̀n ti pàdé kọ́là, kí kọ́là náà ṣì wà lódidi. Orí tuntun ni kí ẹ gé kúrò lọ́rùn tirẹ̀ pẹ̀lú ọrùn díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ sàmì sí àárín ojú méjèèjì, kí ẹ fi díríìlì ọlọ́wọ́ tí ẹnu rẹ̀ kò ju ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan lọ lu ihò, kí ẹ sì fi wáyà idẹ kúkúrú ṣe èèkàn láàárín wọn. Èèkàn yìí ní iṣẹ́ méjì: ó ń di orí mú, ó sì ń jẹ́ kí ẹ lè yí orí náà síbí sọ́hùn-ún kí gúlúù tó gbẹ. Ẹ lò ó dáadáa. Bí gbogbo ẹlẹ́ṣin inú ìlà kan bá tẹjú mọ́ ibi kan náà, wọ́n á dà bí ère inú páálí. Bí ọ̀kan bá wo ẹnìkejì rẹ̀, tí òmíràn sì wo ibi tí ẹṣin rẹ̀ ń tẹ̀, ìlà náà yóò jí.

Pọ́tì alápá méjì, búlúù àti yẹ́lò, ni kí ẹ fi mọ irun akoto. Ibi tí apá méjèèjì ti fara kanra nínú ọ̀já rẹ̀ a máa ti le díẹ̀, nítorí náà ẹ gé ibẹ̀ sọnù kí ẹ tó pò wọ́n ní ọgbọọgba títí yóò fi di àwọ̀ ewé kan ṣoṣo. Ẹ fi í sílẹ̀ fún bíi ìdajì wákàtí kí ó le díẹ̀, torí pé pọ́tì tútù a máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ kò sì ní í gba ìlà tó mú. Ẹ wá fi ìka ọlọ́rinrin yí i di okùn kúkúrú tó nípọn, ẹ tẹ́ ẹ sórí ògbé akoto láti òkè iwájú orí dé ìpàkọ́, kí iwájú rẹ̀ ga díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tí ẹ ti tẹ̀ bọ omi máa fa ìlà kúkúrú láti àárín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìlà tí kò bára dọ́gba ló ń jọ irun. Ìyókù pọ́tì náà ni kí ẹ fi dí àlàfo ọrùn, kí ẹ má bàa sọ ọ́ nù. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ọ̀kọ̀

Ọ̀kọ̀ àwọn Faransé gùn tó mítà 2.7 àti díẹ̀ lé. Lára ère tó jẹ́ 1/56, tó sún mọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní 28mm nítorí bí ère náà ṣe ga tó, ìyẹn jẹ́ bíi mìlímítà 49. Lára 1/72, bíi 38. Lára ère 54mm, tó jẹ́ nǹkan bíi 1/32, bíi 86. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń fi sínú páálí kúrú ju èyí lọ, bóyá kí ó má bàa ṣẹ́, ó sì ń mú kí oníọ̀kọ̀ dà bí ẹni tó mú igi ìgbálẹ̀ dání. Ẹ fi wáyà irin líle rọ́pò rẹ̀. Tí a bá fi ìṣirò wò ó, igi ọ̀kọ̀ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta yóò di ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì mìlímítà lára ère 28mm, ṣùgbọ́n wáyà mìlímítà 0.8 ni mo máa ń dámọ̀ràn, nítorí pé èyí tó tín-ín-rín jù ú lọ máa ń mì bí a bá gbé ère náà, ojú kì í sì í tètè rí i láti òkèèrè.

Ẹ gbé ẹnu wáyà náà lé orí irin pẹlẹbẹ, ẹ fi òòlù lù ú títí yóò fi tẹ́, kí ẹ sì fi fáìlì gbẹ́ ẹ di ẹnu ọ̀kọ̀ tó rí bí ewé tóóró. Ẹ wọ ohun ààbò ojú nígbà tí ẹ bá ń gé wáyà irin, nítorí pé gígé rẹ̀ a máa fò. Ẹnu ọ̀kọ̀ tí ẹ ṣe yìí yóò mú. Ẹ fi fáìlì pa ṣóńṣó rẹ̀ kù díẹ̀ bí ọmọdé bá lè fọwọ́ kàn án.

Ìkúùkù ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ lu ihò sí báyìí. Ẹ má ṣe lù ú láti òkè já sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ lu ìdajì láti òkè, ìdajì láti ìsàlẹ̀, kí ihò méjèèjì pàdé nínú. Bí wọn kò bá pàdé gẹ́lẹ́, ẹ ṣì lè fẹ àárín rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n díríìlì tó bá ṣìnà láti òkè yóò gé ìka já. Bí ìkúùkù náà bá kéré jù, ẹ gé e kúrò pátápátá, ẹ lẹ wáyà mọ́ ọrùn-ọwọ́, kí ẹ sì fi pọ́tì mọ ìka mẹ́rin lé e lórí.

Ibi tí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ sinmi sí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú afẹ́fẹ́ bí ẹlẹ́ṣin bá ń rìn jẹ́ẹ́. Àpò awọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ìtẹsẹ̀ ọ̀tún tí ìdí ọ̀kọ̀ máa ń wọ̀, ẹ lè fi pọ́tì díẹ̀ mọ ọ́n. Okùn awọ sì wà lára igi ọ̀kọ̀ tó yí apá ọ̀tún po, bébà tín-ínrín tí ẹ rẹ sínú gúlúù funfun sì lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ fi àsíá kékeré pupa òun funfun sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Lójú ogun, wọ́n sábà máa ń ká a tàbí kí wọ́n fi àpò bò ó, nítorí náà ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dán lórí àsíá kò ṣẹ̀ sí ìtàn bí ó bá ká a mọ́ igi.

Ẹsẹ̀ ẹṣin

Kí ẹ tó kun ẹṣin, ẹ yẹ ìrìn rẹ̀ wò. Kí Eadweard Muybridge tó ya àwòrán ẹṣin tó ń sáré ní Palo Alto, ní California, lọ́dún 1878, àwọn ayàwòrán a máa ya ẹṣin tó ń sáré pẹ̀lú ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì nà síwájú, tẹ̀yìn méjèèjì nà sẹ́yìn, tí kò sí èyí tó kan ilẹ̀. Àwòrán Muybridge fi hàn pé òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a máa kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá kó jọ sábẹ́ ikùn ni. Àwọn ère kan ṣì wà tí wọ́n gbẹ́ bí àwòrán àtijọ́. Bí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ irin rírọ̀, ẹ lè rọra tẹ ẹsẹ̀ iwájú kan wọlé. Bí ó bá jẹ́ ike, ẹ gé ẹsẹ̀ náà ní orókùn, ẹ fi èèkàn wáyà tún un so ní ìtẹ̀sí tuntun, kí ẹ sì fi pọ́tì dí i. Nígbà tí ẹṣin bá ń sá eré díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú òsì àti ti ẹ̀yìn ọ̀tún ni ó ń gbéra pọ̀, àwọn méjì yòókù á sì tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe tẹ̀ síwájú títí ìyẹn yóò fi tọ́, nítorí pé ọ̀dà kò lè tún ìrìn ẹṣin ṣe.

Kíkun ẹṣin

Ẹ ya ẹlẹ́ṣin sọ́tọ̀ kúrò lára ẹṣin, kí ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ orí kọ́kì tàbí ìdérí ìgò pẹ̀lú èèkàn, kí ẹ lè dì í mú láìfọwọ́ kan ọ̀dà. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fín sí wọn, nínú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wọlé fẹ́ jáde.

Ẹṣin gba àyè púpọ̀ lára ère ẹlẹ́ṣin, òun sì ni ojú kọ́kọ́ ń rí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi àwọ̀ búráùn kan ṣoṣo kùn ún wàràwàrà kí wọ́n lè tètè dé orí bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ọ̀nà tó dára jù lọ tí mo mọ̀ ni ọ̀dà elépo tí a ń nù kúrò. Ẹ fi ọ̀dà olómi tó mọ́lẹ̀ kun gbogbo ara ẹṣin: àwọ̀ ọsàn tó pọ́n díẹ̀ fún èyí tí yóò di chestnut (ẹṣin pupa rúsúrúsú), àwọ̀ yanrìn fún èyí tí yóò di bay (ẹṣin búráùn tí irun ọrùn rẹ̀ dúdú). Nígbà tí ìyẹn bá gbẹ pátápátá, ẹ fi búrọ́ṣì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kun ọ̀dà elépo búráùn lé gbogbo rẹ̀ lórí, burnt sienna fún chestnut, burnt umber fún bay. Ẹ dúró fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá fi fóòmù rírọ̀ gbígbẹ máa nù ún láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ọ̀dà náà yóò kúrò lórí iṣan, egungun ìdí àti itan, yóò sì dúró sínú kòtò láàárín iṣan, lábẹ́ ikùn àti lẹ́yìn ìgúnpá. Bí fóòmù náà bá ń fi ipa ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi búrọ́ṣì rírọ̀ mímọ́ gbá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó lè gba ọjọ́ bíi mélòó kan kí ọ̀dà elépo tó gbẹ, ẹ má ṣe kánjú, ẹ má sì gbé e sí ibi tí eruku wà.

Àṣìṣe tó ń tú ẹni tó ń kun ẹṣin fó ni dída irú ẹṣin pọ̀ mọ́ra wọn. Bay ní ara pupa tàbí búráùn, ṣùgbọ́n irun ọrùn rẹ̀, ìrù rẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ àti etí etí rẹ̀ dúdú, ẹnu rẹ̀ náà a sì máa ṣú. Chestnut kò ní dúdú yìí rárá: irun ọrùn àti ìrù rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ara tàbí kí ó mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Chestnut tí ìrù rẹ̀ dúdú kò sí láyé yìí, àmọ́ ẹ ó rí i lórí ọ̀pọ̀ tábìlì. Ẹṣin dúdú kì í ṣe dúdú kirikiri. Ẹ fi búráùn tó ṣú ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, oòrùn a máa sọ irun rẹ̀ di rúsúrúsú. Ní ti ẹṣin tó dà bí eérú, dúdú tàbí búráùn ni wọ́n máa ń bí i, a sì máa funfun sí i bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe ń pọ̀. Nítorí náà ọ̀dọ́ lára wọn ní àmì róbótó róbótó ní ìdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣú, àgbà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Ṣùgbọ́n awọ tó wà lábẹ́ irun náà dúdú ní gbogbo ìgbà, ìdí nìyí tí imú àti àyíká ojú rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣú.

Fún rẹ́jímẹ́ǹtì oníọ̀kọ̀, ẹ jẹ́ kí bay àti chestnut pọ̀ jù, kí ẹ sì yí ìṣú àti ìmọ́lẹ̀ wọn padà láti orí ẹṣin kan sí òmíràn. Afunfèrè ni kí ẹ fi ẹṣin tó dà bí eérú fún, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ẹlẹ́ṣin ìgbà náà, kí ọ̀gá lè tètè rí i nínú èéfín nígbà tó bá fẹ́ kí wọ́n fun fèrè.

Àmì funfun ni ó kàn. Kí ọ̀pọ̀ ẹṣin yín ní ọ̀kan tàbí méjì péré, ìràwọ̀ ní iwájú orí, ìlà tóóró tó gba ojú sọ̀kalẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ kan tó funfun dé ọrùn-ẹsẹ̀. Àwọ̀ pátákò a máa tẹ̀ lé àwọ̀ irun tó wà lókè rẹ̀: pátákò abẹ́ ẹsẹ̀ funfun máa ń ní àwọ̀ ìwo tó mọ́lẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ dúdú sì máa ń ṣú. Ní ti ojú, ẹ má ṣe fi funfun sí i. Ojú ẹṣin tí ara rẹ̀ balẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ búráùn tó ṣú látòkè délẹ̀, a kì í rí ẹyinjú funfun rẹ̀ àyàfi bí ẹ̀rù bá bà á. Ẹ kùn ún dúdú, kí ẹ sì fi ẹ̀kán fánísì dídán kan sí i ní ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín.

Ìjánu àti okùn awọ àwọn ẹlẹ́ṣin fífúyẹ́ Faransé dúdú. Ẹ fi àwọ̀ eérú tó ṣú fa ìlà tín-ín-rín sí òkè etí okùn náà kí ó lè yàtọ̀ sí ara ẹṣin dúdú. Awọ àgùntàn orí gàárì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àwọ̀ yanrìn, kí ẹ fi búrọ́ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ pa á ní àwọ̀ wàrà, kí ẹ sì fi funfun gan-an kan ṣóńṣó irun nìkan. Aṣọ tí wọ́n gé bí eyín ìkookò ló yí etí awọ náà ká, àwọ̀ rẹ̀ sì ni àwọ̀ ìdámọ̀ rẹ́jímẹ́ǹtì.

Aṣọ ẹlẹ́ṣin

Àwọ̀ ìdámọ̀ yìí ni yóò sọ rẹ́jímẹ́ǹtì tí ẹ ṣe, ó sì wà lára kọ́là, àyà ẹ̀wù, ọrùn-ọwọ́ àti ẹ̀yìn ẹ̀wù tó ṣẹ́. Ìkíní jẹ́ pupa fòò, ìkejì, àwọ̀ ọsàn tó fẹ́ jọ ìdájí, ìkẹta, píǹkì, ìkẹrin, pupa tó ń lọ sí àlùkò, ìkarùn-ún, búlúù ojú ọ̀run, ìkẹfà, pupa tó ṣú díẹ̀ ju ti ìkíní lọ. Bí ẹ bá ń ṣe ọ̀kan ṣoṣo, ìkẹta tàbí ìkẹrin ní ìtàn tó lágbára: ní Waterloo, ogun tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1815, àwọn méjèèjì ló kọlu àwọn ẹlẹ́ṣin ńlá Gẹ̀ẹ́sì tí agara ti dá ẹṣin wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti sáré kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n dúró.

Àwọ̀ ewé Faransé ṣú gan-an. Ẹ má ṣe fi dúdú nìkan ṣe òjìji rẹ̀, kò ní í fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹ fi búlúù tó ṣú díẹ̀ kún un. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mú un mọ́lẹ̀, àwọ̀ yanrìn ni kí ẹ pò mọ́ ọn, nítorí pé funfun a máa sọ ọ́ di àwọ̀ ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti aṣọ ọmọ ọwọ́ tí kò bá ogun mu. Akoto idẹ fẹ́ ìpìlẹ̀ búráùn kí ẹ tó kan idẹ lé e, kí ẹ wá fi omi ọ̀dà búráùn ṣàn sí abẹ́ etí rẹ̀, kí ẹ sì fi fàdákà díẹ̀ pò mọ́ idẹ fún ibi tí iná ti ń kàn án. Ojú ènìyàn ní ìwọ̀n 28mm kò fẹ́ ẹyinjú. Òjìji lábẹ́ etí akoto àti ìmọ́lẹ̀ lórí imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n tó.

Lójú ogun wọ́n sábà máa ń wọ ṣòkòtò fífẹ̀ lé ṣòkòtò tó fún mọ́ ẹsẹ̀ yẹn lórí, àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ewé, tí wọ́n fi awọ bo inú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dára fún yín, nítorí pé ó máa ń bo ibi tí bàtà chasseur kan kò bá ti péye.

Ìsopọ̀

Ẹ há ọ̀dà kúrò ní ìjókòó àti inú itan kí irin lè kan irin tàbí kí ike lè kan ike, nítorí pé gúlúù tó bá di ọ̀dà mú yóò bá ọ̀dà ṣí. Fún irin, gúlúù ẹ́pọ́sì tó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ ló lágbára jù, ó sì fún yín láyè láti tún ìjókòó ṣe. Okùn ìjánu ni kí ẹ so mọ́ ọwọ́ òsì lẹ́yìn èyí.

Ẹ fi fánísì tí kò dán fín gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó dá dídán padà sí ojú ẹṣin, akoto àti awọ dúdú. Òru tó ṣáájú Waterloo ni òjò ńlá rọ̀, nítorí náà ẹrẹ̀ yẹ ẹsẹ̀ àti ikùn àwọn ẹṣin ọjọ́ yẹn. Ẹ fi fóòmù tó ya gátagàta kan ẹrẹ̀ náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó máa fúyẹ́ bí ó ṣe ń gòkè. Bí ó bá jẹ́ ìjà Quatre Bras, ọjọ́ méjì ṣáájú Waterloo, tí rẹ́jímẹ́ǹtì ìkarùn-ún àti ìkẹfà wà, oko ọkà rye tó ga ni ilẹ̀ yín yóò jẹ́, tí ẹṣin ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ lápá kan tí ìyókù sì dúró. Kí ìtẹ́lẹ̀ ère náà wúwo kó sì gbòòrò, torí pé ọ̀kọ̀ gígùn a máa fa ère fífúyẹ́ ṣubú.

Àsíá ni ó gbẹ̀yìn. Ẹ gé bébà tín-ínrín tàbí òjé fẹ́lẹ́ sí ìlọ́po méjì àsíá, ẹ fi gúlúù funfun pa inú rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ yí igi ọ̀kọ̀ po, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn búrọ́ṣì tẹ̀ ẹ́ sókè-sódò nígbà tó ṣì tutù. Ẹ kíyè sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́: bí ẹṣin bá ń sáré, ẹ̀yìn ni àsíá, irun ọrùn àti ìrù ń fẹ́ sí, gbogbo wọn síhà kan náà. Ẹ kùn ún lẹ́yìn tí ó bá ti gbẹ, ìlà tó pín àwọ̀ méjèèjì kí ó tẹ̀ lé ìṣẹ́po aṣọ náà, ojú méjèèjì kí ó sì bára mu ní etí.